Káàdì ilé ọjà ńlá l'Amẹ́ríkà: ṣé owó rẹ̀ ń padà sápò wa?

Epo mọ́tò ló kọ́kọ́ dá owó káàdì mi padà. Kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe òróró, kì í sì í ṣe adìẹ yíyan tí gbogbo ayé ń ròyìn. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé bí ará ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbà á ni pé kó lọ gba káàdì ilé ọjà ńlá, ìyẹn káàdì tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún kó tó lè rajà níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni nǹkan ò ti wọ́n. Wọn kì í sọ fún un pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kò wọ́n lóòótọ́, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé títóbi rẹ̀ nìkan ló mú kó jọ ohun tí kò wọ́n. Mo ti lo méjì nínú àwọn káàdì wọ̀nyí. Èmi ni mò ń ra oúnjẹ ilé wa, mo sì máa ń tọ́jú rìsíìtì. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù: Costco, Sam's Club tó jẹ́ ti Walmart, àti BJ's tó pọ̀ lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dọ́là 65 ni káàdì kékeré Costco lọ́dún, èyí tó ga jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní Executive, sì jẹ́ dọ́là 130. Sam's Club gbé tiẹ̀ sí 50 àti 110 ní ọdún 2022. BJ's gbé tiẹ̀ sí 60 àti 120 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹ fi owó yìí sọ́kàn, torí gbogbo ìṣirò tó kù, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Káàdì yẹn gan-an ni òwò wọn. Sol Price ló bẹ̀rẹ̀ irú ọjà báyìí ní San Diego lọ́dún 1976, nínú ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfuurufú sí tẹ́lẹ̀, ó sì pè é ní Price Club. Costco ṣí tiẹ̀ ní Seattle lọ́dún 1983, àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan lọ́dún 1993. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti ìgbà náà kò yí padà: gba owó lọ́wọ́ èèyàn kó tó wọlé, kí o wá ta ọjà fún un lérè tín-ín-rín. Costco kì í fi ju nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tó ra ọjà, tàbí ìdá 15 bó bá jẹ́ ọjà tirẹ̀, Kirkland Signature. Nínú ọdún ìnáwó wọn tó parí ní 2024, owó káàdì nìkan mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.8 dọ́là wọlé, nígbà tí gbogbo èrè ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn owó orí jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 7.4.

Èmi gbà pé òdodo ni wọ́n ń ṣe nínú èyí. Ẹni tó ti gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà kò nídìí láti já yín jẹ lórí àpò ìrẹsì. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ tún sanwó káàdì náà lọ́dún tó ń bọ̀, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá àwọn oníkáàdì Costco ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí owó bá ń jò lọ́wọ́ wa níbẹ̀, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà kọ́ ló ń fà á. Ohun tá a kó sínú kẹ̀kẹ́ ọjà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí epo. Ká ní gálọ́ọ̀nù epo níbẹ̀ fi sẹ́ńtì 25 dín sí ti ilé epo àdúgbò yín, kí ọkọ̀ yín sì máa mu gálọ́ọ̀nù 10 lọ́sẹ̀. Dọ́là méjì àti ààbọ̀ lẹ rí lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 26, ó ti di dọ́là 65, káàdì Costco ti san owó ara rẹ̀, ìdajì ọdún sì ṣì kù. Bí ìyàwó àti ọkọ bá ní ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn méjèèjì ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹ ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń fún ẹnì kejì tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé kan náà ní káàdì tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nípa epo ni pé a kì í rà á jura lọ. Kò sẹ́ni tó máa wakọ̀ sí i torí pé epo dínwó díẹ̀, kì í sì í bà jẹ́ nínú fíríjì.

Àmọ́ ẹ yí ìṣirò náà padà bí ọjà ọ̀hún bá jìn. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìn sí i tó máìlì 15 á rin máìlì 30 lálọ àtàbọ̀. Ọkọ̀ tó ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 25 á ti jó ju gálọ́ọ̀nù kan lọ kó tó padà délé, owó gálọ́ọ̀nù náà nìkan sì ti ju dọ́là méjì àti ààbọ̀ tó lọ wá lọ. Bí kò bá sí lójú ọ̀nà iṣẹ́ yín tàbí lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹ yọ epo kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ máa jèrè. Ìlà àwọn tó ń dúró ra epo náà tún wà níbẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé.

Ní ti ọjà inú ilé, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kójú yín máa wá lórí pẹpẹ: iye tí áùnsì kan, páùn kan tàbí ẹyọ kan jẹ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye ńlá yẹn. Ká mú ọṣẹ ìfọṣọ. Ká ní ìke ńlá tó gba áùnsì 200 jẹ́ dọ́là 20 ní ilé ọjà oníkáàdì: sẹ́ńtì 10 ni áùnsì kan. Èyí tó gba áùnsì 50 jẹ́ dọ́là mẹ́fà nítòsí ilé: sẹ́ńtì 12. Títí débí, káàdì ló borí. Lọ́sẹ̀ tí ilé ọjà àdúgbò bá wá gbé tirẹ̀ wá sí dọ́là mẹ́rin àti ààbọ̀, áùnsì kan ti di sẹ́ńtì mẹ́sàn-án, ẹni tí kò ní káàdì sì ti rà á dáadáa jù yín lọ. Irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé léraléra lórí ọṣẹ, sííríà, ohun mímu àti bisikíìtì, ẹni tó bá mọ kúpọ́ọ̀nù, ìyẹn ìwé ẹ̀dínwó, lò sì tún lè já a wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Costco àti Sam's Club kì í gba kúpọ́ọ̀nù àwọn tó ṣe ọjà náà jáde. BJ's nìkan ló ń gbà á nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí owó ti máa ń kó sí kòtò gan-an ni ibi tí ìṣirò áùnsì kò dé. Bí páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá wọlé, àwọn ọmọ kì í mu ún bí ẹni tó ń mu ìgò kan tí wọ́n rà lọ́jọ́ náà. Bisikíìtì tó yẹ kó lo oṣù kan máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí gbogbo ilé ló rí i pé ó pọ̀. Ẹ̀fọ́ sípínáàṣì ńlá yẹn, bí kò bá ti wọ ìkòkò lọ́jọ́ kejì, kí a bọ̀ ọ́ kí a dì í sínú fírísà, ìdajì rẹ̀ ń lọ sí ààtàn ni. Ìdajì tó bá bà jẹ́ sì ti sọ iye tó wà lórí pẹpẹ di ìlọ́po méjì fún ìdajì tá a jẹ. Mo kà èyí sí pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù lọ, torí mo ti rí àwọn ìdílé tí owó oúnjẹ wọn lóṣù lọ sókè lẹ́yìn tí wọ́n gba káàdì, tí wọ́n sì ń sọ tọkàntọkàn pé àwọn ń ṣọ́ owó ná.

Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, ẹ má ṣiyèméjì. Tẹlifíṣọ̀n àti aṣọ ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹran, wàrà àti ẹyin wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá. Nǹkan bí ẹgbàajì irú ọjà, ìyẹn 4,000, ni Costco ń tà, nígbà tí ilé oúnjẹ ńlá lásán lè ní ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà méje. Ọjà tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ lónìí lè máà sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn ló ń mú kí èèyàn gbá a mú láìronú. Adìẹ yíyan dọ́là 4.99 náà wà lápá ẹ̀yìn. Ẹ máa kọjá lára ọ̀pọ̀ nǹkan kẹ́ ẹ tó dé ìdí rẹ̀.

Nínú ilé Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tún wà. Iṣu kò sí níbẹ̀, èlùbọ́ kò sí, epo pupa àti ẹ̀gúsí tá a mọ̀ kò sí. A ṣì máa dé sọ́ọ̀bù àwọn ará ilé. Nítorí náà, ẹni tó rò pé káàdì yìí máa gba gbogbo ìnáwó ìdáná, apá kan rẹ̀ ló máa gbà: ìrẹsì, òróró, àlùbọ́sà, tàtàṣé, ẹyin, adìẹ, ẹran àti ẹja dídì. Lórí àwọn yìí, èmi kì í wá ibòmíràn mọ́. Bí ìnáwó bá tún dé, ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí, kò síbi tí mo mọ̀ tó sàn jù ú lọ fún omi, ife, abọ́ onípépà àti ẹran púpọ̀.

Ohun tó sì jẹ́ kí káàdì náà dára fún ilé tí kò tóbi ni àjọrà. Èmi àti àbúrò kan nílé ìjọsìn wa la jọ máa ń lọ. Bí a bá ra páálí adìẹ tàbí ẹyin ńlá, a ó pín in sọ́nà méjì nínú mọ́tò, a ó sì pín owó rẹ̀. Wọ́n gba oníkáàdì láyè láti mú àlejò wọlé. Oníkáàdì ló kàn gbọ́dọ̀ sanwó. Kí èèyàn yá ẹlòmíràn ní káàdì ni wọn kò gbà, Costco sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ yẹ káàdì wò lẹ́nu ọ̀nà láti ọdún 2024. Ọ̀nà tiwa yìí kò ṣẹ̀ sófin wọn, kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ bà jẹ́. Mo rọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá gbé pé kí wọ́n má dá rajà níbẹ̀ láé.

Àwọn ọjà tí kì í ṣe oúnjẹ ni mo fi sípò kejì lẹ́yìn epo. Pámpásì àti wáípù ọmọdé: bí ọmọ wà nílé, owó káàdì á padà láìpẹ́, torí wọn kì í bà jẹ́, a sì máa lò ó tán dandan. Táyà ní Costco: owó tí wọ́n bá dá lé e ti máa ń ní dídè mọ́ ọkọ̀ àti mímú un dọ́gba nínú, wọn á sì máa yí i ká fún yín, wọn á sì máa lẹ̀ ẹ́ bó bá jò, títí táyà á fi jẹ tán. Tó bá dọ̀rọ̀ oògùn tí dókítà kọ, ẹ tiẹ̀ lè rà á ní ilé oògùn Costco tàbí Sam's Club láìní káàdì rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ò mọ èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ bi wọ́n ní iye oògùn náà lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ.

Káàdì tó ga jù ńkọ́? Ti Costco máa ń dá ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tẹ́ ẹ ná padà lọ́dún, kò sì ju dọ́là 1,250 lọ. Dọ́là 65 lẹ fi kún owó káàdì kékeré. Kí ìdá méjì tó lè pé 65, ẹ gbọ́dọ̀ ná dọ́là 3,250 lọ́dún, nǹkan bíi 271 lóṣù, owó epo kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ìdílé ọlọ́mọ mẹ́ta mẹ́rin lè kọjá ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Tọkọtaya méjì lásán, ó ṣòro, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ohun tó máa rà kó lè pé. Àwọn tó ń gba owó níbẹ̀ máa ń rọ èèyàn púpọ̀ láti bọ́ sórí rẹ̀, nígbà míì kí èèyàn tó gbé ọjà rẹ̀ sílẹ̀ tán. Ẹ lè sọ fún wọn pé ẹ máa ronú sí i.

Kó tó dọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ tún wo káàdì ìsanwó yín: ní Amẹ́ríkà, Visa nìkan ni Costco ń gbà nínú káàdì gbèsè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó lásán àti káàdì báńkì tó ń yọ owó lójú ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Sam's Club ní áàpù kan tẹ́ ẹ lè máa fi ka àmì onílà tó wà lára ọjà bẹ́ ẹ ṣe ń mú un, kẹ́ ẹ sanwó lórí fóònù láì tò sórí ìlà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, pàápàá torí pé iye tẹ́ ẹ ti ná ń hàn lójú yín bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, kò dúró di ẹnu ibi ìsanwó.

Bẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ gba èyí tó kéré, ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ rí lórí epo àti lórí ohun márùn-ún tẹ́ ẹ máa ń rà nígbàkígbà, ohun mìíràn kọ́. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí iye yẹn ò tíì sún mọ́ owó káàdì, ẹ lọ síbi tábìlì àwọn oníkáàdì, ẹ ní ẹ ò ṣe mọ́. Costco àti Sam's Club máa ń dá gbogbo owó káàdì padà fún ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn.