Họ́ọ̀bù wo ló yẹ ọgbà onílé mẹ́rin? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ti àtijọ́

Bí ilé yín bá jẹ́ yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan, ẹ lè má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú èyí. Họ́ọ̀bù yòówù tí ẹ bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n yóò ṣe é. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ ju ilé kan lọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níwájú, bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn, ilé àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́, yàrá mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni ti ẹbí wa lójú ọ̀nà Ìlobùú. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo àwa ọmọ, èmi nìkan ni mo ṣì ń gbé Òṣogbo.

Họ́ọ̀bù ni àpótí kékeré tó ń bá gílóòbù, súìṣì, sẹ́ńsọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, tó ń sọ ìgbà tí kálukú máa tàn àti ìgbà tó máa kú. Àwọn tó ti ra tiwọn lọ́jọ́ tó pẹ́ ló ń bi mí báyìí pé èwo ni kí àwọn fi rọ́pò rẹ̀. Màá fi márùn-ún wéra: àpótí Tuya, SmartThings, Aqara M3, Hubitat àti Home Assistant.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ ńkọ́?

Òṣogbo yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná káàkiri Nàìjíríà wà, síbẹ̀ ìnfátà àti sólà la gbójú lé. Bí dátà bá tán lóru, tàbí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fò lọ, họ́ọ̀bù tí ọpọlọ rẹ̀ wà lókè òkun ti di páálí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó.

Tuya ló pọ̀ jù lọ́jà, lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Áàpù rẹ̀ yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àṣẹ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rìnrìn-àjò lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà kó tó padà wá tan gílóòbù tó wà lókè orí yín, bí ẹni tó gba Èkó ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ ní Òkè-Fìà. Àṣẹ tó jẹ́ pé Zigbee (ìgbì rédíò tí ẹ̀rọ kéékèèké fi ń bá họ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ láìgba Wáífáì) ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn sì wà lábẹ́ àpótí kan náà, lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí gílóòbù Wáífáì kan bá ti wọ̀ ọ́, ó dọwọ́ òkè òkun.

SmartThings jẹ́ ti Samsung láti 2014, Aeotec ló sì ń ṣe àpótí rẹ̀ báyìí. Láàárín 2022 sí 2023, wọ́n pa ètò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Groovy tì, wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wá sínú àpótí fúnra rẹ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ sínú ètò àtijọ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, áàpù inú fóònù sì ṣì ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.

Hubitat àti Home Assistant kì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ọgbà yín ni wọ́n ti ń ṣe ìpinnu. Bí ráútà bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́, kódà kó má sí dátà lórí rẹ̀, fóònù yín á rí wọn. Aqara M3, tó jáde ní 2024, náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ nílé, wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo sì lè gbé iná àti dátà fún un pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ Zigbee ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ló máa ń gbà. Bí sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ní bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ẹ tún un rà.

Ẹ má sì sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá ò lè fi yín sílẹ̀ ní agbede méjì ọ̀nà. Họ́ọ̀bù Iris ti Lowe's, ilé-ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kógbá sílé ní 2019. Ní 2020, Wink ní kí àwọn oníbàárà máa san owó oṣooṣù lórí àpótí tí wọ́n ti rà tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, kọ̀ǹpútà Insteon dákẹ́ lójijì, láìsí ìkìlọ̀. Ìgbà tí àwọn kan lára àwọn tó ń lò ó ra ilé-iṣẹ́ náà ló tó tún gbérí.

Ògiri, páànù, àti ìdí tí mo fi bú họ́ọ̀bù lásán

Ìgbì tí Wáífáì ń lò, 2.4 GHz, ni Zigbee náà ń lò. Ògiri búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́sàn-án kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. Z-Wave, ọ̀nà mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Zigbee, ń lo ìgbì tó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń la ògiri kọjá dáadáa jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má gbé họ́ọ̀bù sókè sílíìnì lábẹ́ páànù. Irin ni páànù, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìgbì kankan.

Ohun tó gba Zigbee là ni pé ẹ̀rọ tó ń jẹ iná láti ara ògiri máa ń gba ìròyìn lọ́wọ́ èyí tó jìnnà, á sì gbé e síwájú. Ẹ̀rọ onibáàtìrì kì í gbé ẹrù ẹlòmíràn. Ibí gan-an ni àlàyé tí wọ́n kọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣì wá lọ́nà, nítorí wọ́n gbà pé iná kì í lọ.

Nílé wa, sẹ́ńsọ̀ tó wà lórí táńkì omi ń gba ara sọ́kẹ́ẹ̀tì Zigbee kan ní kíṣìnì bọ́ìsì-kọ́tà bá họ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò sí lórí ìnfátà. Nígbàkigbà tí wọ́n bá mú iná lọ, họ́ọ̀bù ń bẹ láàyè, sẹ́ńsọ̀ ń bẹ láàyè, afárá àárín wọn ti wó. Omi kún àkúnwọ́sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù méjì ni mo fi ń bú họ́ọ̀bù, mo tilẹ̀ ti ń wá owó tí màá fi ra tuntun, kí oníṣẹ́ iná wa tó bi mí pé wáyà wo ni sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà. Ó gbé e bọ́ sórí wáyà ìnfátà, ọ̀rọ̀ parí. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ rìn yí ọgbà ká nígbà tí iná bá lọ, kí ẹ wo ohun tó kú àti ohun tó yè. Ó lè jẹ́ pé họ́ọ̀bù kọ́ ló ń dà yín láàmú.

Bí ẹ bá máa gbé Zigbee sí ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi èyí tó súnmọ́ra sórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà. Wáífáì sábà ń wà lórí 1, 6 tàbí 11. Ṣánẹ́ẹ̀lì 15, 20 àti 25 ti Zigbee bọ́ sí àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ọpọlọ kan, àbí ọpọlọ fún ilé kọ̀ọ̀kan?

Àárín Hubitat àti Home Assistant ni ìjà kù sí.

Ọ̀nà Hubitat ni kí ẹ ra àpótí kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, C-8 tàbí C-8 Pro. Kálukú ní àṣẹ tirẹ̀ nínú. Ohun tí wọ́n ń pè ní Hub Mesh yóò wá jẹ́ kí àpótí ilé ńlá rí ẹ̀rọ tó wà ní ilé àlejò, bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bí wáyà tó so ilé méjèèjì pọ̀ bá já, ilé àlejò ò ní mọ̀. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ á tàn lásìkò rẹ̀.

Home Assistant fẹ́ ọpọlọ kan ṣoṣo. Home Assistant Green, àpótí rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 99 dọ́là ní 2023, tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún agbára, ṣùgbọ́n kò ní Zigbee nínú. Ẹ máa ra èyí tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún àwọn ilé yòókù, ẹ̀rọ Zigbee tó ń gba wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, irú SLZB-06, ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ibí ni ọbẹ̀ ti máa ń jóná: ZHA, ètò Zigbee tó rọrùn jù nínú rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ kan lọ. Ilé mẹ́ta túmọ̀ sí Zigbee2MQTT, ètò Zigbee mìíràn, lọ́nà mẹ́ta, kálukú pẹ̀lú ètò tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ó ń gba àkókò àti ẹni tó ní sùúrù. Bí ọpọlọ kan yẹn bá sì kú, gbogbo ọgbà ló kú.

Kò sí èyí tó mọ àwọn ẹ̀rọ oríṣiríṣi tó Home Assistant, ìnfátà sólà wà nínú ohun tó lè bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan nínú ilé bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ẹ rà á fún un, yóò gbádùn rẹ̀. Kí ẹ sáà rántí pé ọmọ yẹn lè jápa lọ́jọ́ kan, kó fi ẹ̀yin àti Zigbee2MQTT sílẹ̀. Nítorí èyí, Hubitat ni mo rà.

| | Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì | Ilé púpọ̀ | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Tuya | díẹ̀ | kò yẹ ẹ́ | ayálégbé, ilé kan |
| SmartThings | púpọ̀ nínú rẹ̀ | ó ṣe é dé ìwọ̀n kan | ẹni tó ti ní ẹ̀rọ Samsung |
| Aqara M3 | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ Aqara | ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun |
| Hubitat | bẹ́ẹ̀ ni | ó dára jù | alábòójútó tí kò ní ráyè |
| Home Assistant | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú iṣẹ́ | ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà |

Wáyà àárín ilé

Ohun tí kò sí nínú tábìlì yẹn ló ná mi lówó jù. Wáyà kọ́pà ni mo kọ́kọ́ gbà lábẹ́ ilẹ̀ láti ilé ńlá dé ilé àlejò. Òjò àkọ́rọ̀ dé lóṣù kẹrin, àrá sán lẹ́ẹ̀kan, kò tilẹ̀ kan ilé wa. Ráútà àti họ́ọ̀bù méjì jóná ní orí àti ìdí wáyà yẹn. Ìyá mi ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ṣàngó. Mo lọ ra fáíbà.

Fáíbà kì í gbé iná, nítorí náà àrá tó bá ilé kan kò lè gba inú rẹ̀ dé èkejì. Ẹ ra èyí tí kò ní irin nínú èèpo rẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré tó ń yí i padà sí wáyà lásán ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Kọ́pà gan-an kì í kọjá mítà 100, ọgbà tó bá gùn ti kọjá ìyẹn.

Ẹrù láti Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston fi súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì Z-Wave kún páálí ránṣẹ́ sí wa, inú gbogbo wa dùn. 120 fóòtì (volt) ni iná ọ̀dọ̀ wọn, 230 ni tiwa. Ìgbì Z-Wave wọn wà lórí 908 MHz, ti Yúróòpù, èyí tí họ́ọ̀bù wa ń lò, wà lórí 868. Họ́ọ̀bù ti ibì kan kì í gbọ́ èdè ẹ̀rọ ibòmíràn. Páálí náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kì í sábà níṣòro iná, ṣájà rẹ̀ máa ń gba 100 dé 240. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná.

Bí ẹ ṣe máa kó lọ

Láti Hubitat àtijọ́ sí tuntun, ọ̀nà wà láti kó ẹ̀rọ àti àṣẹ lọ pa pọ̀. Home Assistant náà ní ẹ̀dà ìpamọ́ tí ẹ lè gbé lọ. Láti SmartThings tàbí Tuya sí ibòmíràn, ẹ máa yọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kúrò lára ti àtijọ́, kí ẹ tó so ó mọ́ tuntun, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ọgọ́ta gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta.

Yàrá mẹ́gáàdì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kéré. Ẹ má ṣe é lóṣù kẹjọ, tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá ti kún ilé. Níbi tí àgbàlagbà ń gbé, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré sẹ́yìn súìṣì ògiri dípò gílóòbù olówó ńlá. Màmá á fọwọ́ pa súìṣì lálẹ́ bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti ń lo iná, gílóòbù tí ò ríná kò sì lè gbọ́ àṣẹ kankan. Họ́ọ̀bù àtijọ́ ńkọ́? Ẹ yọ iná rẹ̀, kí ẹ gbé e pamọ́ títí òjò ọdún kan yóò fi kọjá.