"The Best of the Song Books" ti Ella Fitzgerald: mo ti gbọ́ ọ dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ tèmi

Pọ́n-ùn méjì péré ni mo ra síídì yìí níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù ní London níbí, ẹni tó tà á fún mi sì ní kò họ rárá. Irọ́ ni o. Orin 15 àkọ́kọ́ ń lọ geere, ìgbà tó wá dé orí ìkẹrìndínlógún tó kẹ́yìn, "Ev'ry Time We Say Goodbye", ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Bẹ́ẹ̀ orin tí mo tìtorí ẹ̀ rà á gan-an nìyẹn! Orí fóònù ni mo padà ti gbọ́ ọ. Ẹ̀bi Màmá Ella kọ́ ṣá, mi ò ní yọ máàkì lórí ìyẹn.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀, láti 1956 sí 1964 ni Màmá Ella, akọrin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ń mú àwọn tó kọ orin Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kó orin wọn sínú àwo tí wọ́n ń pè ní Song Book. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Cole Porter, ó ṣe Rodgers àti Hart, Duke Ellington, Irving Berlin, ó ṣe àwọn Gershwin (tiwọn nìkan gba àwo ńlá márùn-ún, ẹ wo owó!), Harold Arlen, Jerome Kern, ó wá fi Johnny Mercer kádìí ẹ̀. Norman Granz tó jẹ́ mánéjà ẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀, òun náà ló dá Verve, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, sílẹ̀. Orin 16 tí wọ́n ṣà nínú gbogbo ẹ̀, tí wọ́n kó sójú kan ní 1993, ni mo ń sọ yìí.

Ohun tó mú mi ni pé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu obìnrin yìí. Àwa tí wọ́n fi híìmù tọ́ dàgbà, a mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí orin òyìnbó bá ń fa ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ síbi tí ò fẹ́ lọ, èèyàn á fẹ́ pe ọkọ, ohùn orin á sọ ọ́ di ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní wàhálà yẹn lóòótọ́, àmọ́ ẹ lọ gbọ́ orin tó kẹ́yìn yẹn: ibi tí ọ̀rọ̀ orin ti ń sọ pé ìró ti yí láti méjọ̀ (ohùn tó túra ká) sí máínọ̀ (ohùn tó fajú ro), ibẹ̀ gan-an ni ohùn àwọn tó ń fi ohun èlò orin gbè é lẹ́yìn ti yí sí máínọ̀ lóòótọ́, Màmá Ella ò sì fi agbára tì í, ó kàn gba ibẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ áàtò ní kọ́yà, mo mọ̀ pé àwa ì bá ti pariwo débẹ̀.

"Miss Otis Regrets" wá ńkọ́? Òun àti píánò Paul Smith nìkan ni. Ìránṣẹ́ ilé ló ń bá àlejò ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ẹ má bínú mà, Miss Otis ò ní lè wá jẹun ọ̀sán lónìí. Kí ló dé? Ọkùnrin kan ló já a sílẹ̀, ó bá yọ ìbọn, ó yìn ín pa, àwọn èrò sì wọ́ òun náà jáde látìmọ́lé lọ so rọ̀ sórí igi. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ó ṣì ń tọrọ àforíjì lórí oúnjẹ ọ̀sán! Bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún àgbà nílé wa gẹ́lẹ́ nìyẹn, ohùn wálẹ̀, ẹjọ́ ò pọ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ fetí sí i dáadáa, mi ò mọ ìgbà tí mo kọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sí.

Ibi tí mo ti máa yọ máàkì ni "Love for Sale" àti "Why Was I Born?". Wọ́n mọ́ jù. Ẹni tó ń bèèrè ìdí tí wọ́n fi bí òun, ohùn ẹ̀ ò yẹ kó dùn tó báyẹn, Billie Holiday, akọrin jáàsì míì, ni mo máa gbé irú ẹ̀ fún, tiẹ̀ á ta yín lára. "Bewitched" náà gùn jù, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo máa ń fò ó ni, kí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ má bínú.

"Cotton Tail" tó wà ní nọ́ńbà 15 tún mú mi rẹ́rìn-ín. Orin Duke Ellington ni, Ben Webster tó fọn fèrè sáàsì (saxophone) sí i ní 1940 ló tún wá fọn ún fún Màmá Ella, ìyẹn náà sì sọ ẹnu ara ẹ̀ di fèrè, kò fi ọ̀rọ̀ kankan kọ ọ́. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, èdè wo nìyẹn?"

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọmọ yẹn náà ló ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín pa ibi tó họ, mo sì pa á. Orin 16 ṣì ń kólòlò, ti 15 wá ni mi ò mọ èyí tí mo máa sọ mọ́, àbí síídì ló ti ń kólòlò níbẹ̀ náà ni, àbí Màmá Ella ló ń ṣe tiẹ̀.