Irin Réélì fún Bákónì: Ajah Yàtọ̀ sí Ìbàdàn

Ilé àwọn tó wà lókè òkun ni mo ń bá wọn bójú tó, àwọn kan ní Ajah létí òkun ní Èkó, àwọn kan ní Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn. Réélì tó bá tọ́ sí Àkóbọ̀ lè má tọ́ sí Ajah rárá, nítorí afẹ́fẹ́ òkun níyọ̀ nínú.

Sítéènì (stainless steel) ni gbogbo ayé ń béèrè báyìí, ó sì ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ rọjú ni 201: wọ́n dín níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kù, wọ́n fi màńgáníìsì dípò. Inú ilé ló dára fún. Létí òkun, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ máa pọ́n. 304 ní níkẹ́ẹ̀lì tó tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. 316 tún ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní molybdenum, ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló ń bá iyọ̀ jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú òòfà lọ sọ́jà, òòfà ò lè ya 201 kúrò lára 304, torí kì í sábà fa èyíkéyìí nínú wọn. Èmi máa ń ní kí ọlọ́jà kọ nọ́ńbà irin náà sínú rìsíìtì kí n tó sanwó.

Ẹ tún ṣọ́ wẹ́dà yín. Dísìkì tó fi lọ irin dúdú (irin lásán tí kì í ṣe sítéènì), kò gbọdọ̀ fi kan sítéènì. Ẹ̀kúnná irin dúdú á lẹ̀ mọ́ ọn, á dógùn-ún níbẹ̀, ẹ ó sì máa bínú sí irin tí kò ṣẹ̀ yín.

Ní Àkóbọ̀, irin dúdú ni mo fara mọ́, tọkàntọkàn. Ó lágbára, wẹ́dà àdúgbò lè tún un ṣe, ó sì gba gbogbo àrà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Kí ó ṣáà ti nípọn, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa sí i kí wọ́n tó kun ọ̀dà mìíràn lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti wọ inú kọnkéré, ni omi ti ń jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ihò kékeré síbẹ̀ kí omi lè máa jáde. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n rì sínú sínkì (galvanized) ni, kí wẹ́dà lọ sínkì náà kúrò níbi tó fẹ́ jó. Èéfín rẹ̀ ń dá ibà síni lára. Kó wá fi ọ̀dà onísínkì bo ibẹ̀ padà.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká 316 ní Ajah, alúmíníọ̀mù ni kó rà. Kì í dógùn-ún, kò sì tó ìlàjì irin ní wíwúwo. Àmọ́ ó máa ń tẹ̀ ju irin lọ, nítorí náà kí òpó rẹ̀ súnmọ́ra, pàápàá nílé tí ọmọdé wà. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì fara kan sìmẹ́ńtì tútù, torí ó máa ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n fi rọ́bà wé e kí wọ́n tó rì í.