Stella Dallas (1937): ta ló wọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn fún un?

Ìran Kérésìmesì ló ba fíìmù yìí jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìran náà dùn ún wò. Stephen, ọkọ Stella tó ti ń gbé níbòmíràn, wá mú Laurel ọmọ wọn. Stella wọ aṣọ dúdú kan, ó wo dígí, ó rí i pé ọ̀ṣọ́ tí wọ́n rán mọ́ ọn ti pọ̀ jù, ló bá fọwọ́ já a dànù. Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ara ọkọ rọ̀, ó ní àwọn á kúkú wọ rélùwéè tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àfi gbàgà tí Ed Munn, ọ̀rẹ́ Stella, já wọlé, ó ti mutí yó, tòun ti tòlótòló lọ́wọ́. Ó parí.

Obìnrin yìí mọ ohun tó yẹ kó já kúrò lára aṣọ! Kí ló wá dé tó fi dé òtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó, tó kó awọ ẹranko àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹpẹtẹ sára, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? King Vidor tó darí fíìmù náà kò dáhùn. John Boles tó ṣe Stephen ní tiẹ̀ dúró gbagidi bí òpó iná. Ed nìkan ni mi ò bá jà: ètù tó ń yúnni bí wèrèpè tó dà sára àwọn èrò rélùwéè, tí olùkọ́ Laurel sì rí òun àti Stella níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ló fà á tí ẹnikẹ́ni ò fi wá síbi ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Ìyẹn yéni.

Ẹ wá wo ibi dígí. Stella ń pa irun láró, ó fi ọwọ́ tó kún fún ìpara mú fọ́tò Ìyáàfin Morrison, obìnrin olówó tí Stephen fẹ́ràn, fọ́tò dọ̀tí. Laurel já a gbà, inú bí i. Kò pẹ́, ó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gba búrọ́ọ̀ṣì, ó ń bá a pa irun náà lọ. Kò tọrọ àforíjì kankan. Nǹkan bí ọdún 11 péré ni Barbara Stanwyck tó ṣe Stella fi ju Anne Shirley tó ṣe Laurel lọ, ẹ ò sì ní rántí.

Nínú rélùwéè alẹ́, àwọn ọmọge ń sọ̀rọ̀ Stella láìmọ̀ pé ó ń gbọ́. Laurel sọ̀ kalẹ̀ láti ibùsùn òkè, ó rá pálá wọ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Stella di ojú, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Ẹnì kìíní rò pé ẹnì kejì ò gbọ́. Ibí yìí ni Stella ti pinnu láti lé ọmọ náà lọ.

Níkẹyìn, Laurel ń ṣe ìgbéyàwó nínú ilé, òjò ń rọ̀ níta, Stella di irin ọgbà mú, ọlọ́pàá ní kó máa lọ, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun rí ojú ọmọ òun. Ìyáàfin Morrison ló ní kí wọ́n ṣí kọ́tìnì sílẹ̀. Stella fi eyín di áńkáṣífù mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yan Stanwyck àti Shirley fún Oscar, kò sí èyí tó gbà á. Èmi ì bá fún wọn méjèèjì.

Máàkì: 5 nínú 10. Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló jẹ márùn-ún tó kù.