YubiKey 5C NFC: oṣù 11 tí mo ti so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ọjà wa rí, orí Facebook la ti mọra. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n fẹ́ ti ojú ewé ọjà mi pa nítorí àwòrán aṣọ kan. Àyà mi já. Mo tẹ líǹkì tí wọ́n fi síbẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà 6 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi, mo kọ ìyẹn náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbájúẹ̀ ti ń fi orúkọ mi gba owó àsansílẹ̀. Ìyá kan tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi láti 2016 san ₦85,000 fún wọn. Èmi ni mo fi aṣọ dí i fún un, nítorí orúkọ tèmi ló rí tó fi sanwó.

Nígbà tí àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London, gbọ́, ó ra YubiKey méjì ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n fi ń dáàbò bo àkáǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Owó méjèèjì lé ní dọ́là 100. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò gbọdọ̀ lo ẹyọ kan ṣoṣo o."

Ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Ihò wà lórí rẹ̀ tí èèyàn lè fi okùn sí, àmì aláwọ̀ wúrà kan sì wà láàárín tí iná ewéko máa ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Kò lo bátìrì, kò jẹ dátà. Mo máa ń kì í bọ ihò USB-C kọ̀ǹpútà mi kí n tó fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ̀yìn fóònù ni mo máa ń gbé e kàn (ìyẹn ni NFC tó wà nínú orúkọ rẹ̀).

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Nọ́ńbà 6 yẹn kò mọ olówó rẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ẹ bá kọ ọ́ fún lè lò ó. Kọ́kọ́rọ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í sórí Google tàbí Facebook, á ṣẹ̀dá àṣírí kan tó jẹ́ ti àdírẹ́sì yẹn nìkan, àṣírí náà kì í sì í jáde nínú rẹ̀. Tí àdírẹ́sì bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀, kò ní ohun tó máa fi dáhùn.

Mo fojú ara mi rí i ní oṣù kẹta. Íméèlì kan wọlé, ó jọ ti Google láìku ibì kan. Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ mi kan kún fún aró. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ojú ewé náà ní kí n fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mi. Mo tì í bọ ihò, mo ń wo àmì wúrà yẹn. Iná kò ṣẹ́jú pé kí n fọwọ́ kàn án. Mo yọ ọ́, mo tún tì í bọ ihò. Kò ṣẹ́jú. Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè wo àdírẹ́sì: "o" mẹ́ta ló wà níbi tó yẹ kí méjì wà. Mo jókòó sórí àpótí, ara mi ń gbọ̀n. Mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn olè náà kò rí ọ̀nà wọlé.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Ní 2022, wọ́n tan àwọn òṣìṣẹ́ Cloudflare, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, mẹ́ta nínú wọn sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn fún olè. Irú kọ́kọ́rọ́ yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Ó ní àléébù. Ó wọ́n, mi ò sì rí i rà lọ́jà wa. Tí ẹ bá ṣi PIN rẹ̀ (nọ́ńbà àṣírí tí ẹ yàn fún un) kọ nígbà 8 léraléra, ẹ ní láti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tún fi í sórí àwọn àkáǹtì yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ́fítíwia inú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe: ní 2024 tí wọ́n rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó nínú àwọn tó ti pẹ́, ẹni tó bá fẹ́ tuntun ní láti ra òmíràn ni. (Olè gbọ́dọ̀ jí kọ́kọ́rọ́ náà kó sì ní irinṣẹ́ olówó ńlá kó tó rí i lò, nítorí náà ìyẹn ò ba mi lẹ́rù.) Èyí tó dùn mí jù ni pé báńkì tí mo ń lò kò gbà á. Nọ́ńbà orí SMS náà ni wọ́n ṣì ń fi ránṣẹ́, bí àwọn olè tó ń gba nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn sórí SIM tiwọn ṣe pọ̀ tó yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rà á, ẹ yọ SMS kúrò lórí àkáǹtì yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú, ẹ ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ìkejì tèmi wà nínú àpótí ìyá mi n'Íjẹ̀bú-Òde, òun àti bébà tí mo kọ nọ́ńbà ìrànwọ́ 10 tí Google fún mi sí, èyí tí mo lè fi wọlé tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. Lóṣù tó kọjá mo lọ kí wọn, mo mú un jáde, mo gbé e kàn ẹ̀yìn fóònù mi. Ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà.