Páálí Halloween tí mo rà: wọ́n tú àṣírí Michael Myers kí àbúrò mi tó mọ̀ ọ́n

Fíìmù adẹ́rùbani mẹ́wàá ni wọ́n kọ sára páálí náà, láti Halloween ti 1978, níbi tí apààyàn Michael Myers ti bẹ̀rẹ̀, dé ti 2009. Àlòkù ni, àmọ́ ó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ ò ga, ọjọ́ kẹta tí mo sanwó ló sì dé ilé wa ní Peckham, ní London. Lórí ìyẹn, mi ò bá ṣọ́ọ̀bù yìí ṣẹjọ́.

Àbúrò mi obìnrin ò wo ọ̀kankan rí nínú wọn. Odindi oṣù kan ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má ka nǹkan kan nípa rẹ̀, ká jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Alẹ́ Sátidé, a pa iná. Mo ṣí ike tí wọ́n kọ 1978 sí, mo fi díìsì inú rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ohun tó kọ́kọ́ hàn ni Dókítà Loomis, dókítà tó ń tọ́jú Michael tẹ́lẹ̀, tó ń yìnbọn lù ú, tí Michael já bọ́ láti òkè, tí wọ́n wolẹ̀ tí wọn ò bá a níbẹ̀ mọ́. Ìparí fíìmù àkọ́kọ́ nìyẹn! Díìsì ti 1981, tó fi ìparí yẹn bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n kì sínú ike méjèèjì, ti 1978 àti ti 1981. Mo ní ká pa á, àbúrò mi ní òun ti bẹ̀rẹ̀, òun ò ní dìde. Mo fi ìbínú wọ yàrá lọ kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ fún Loomis nínú ọkọ̀ pé ọmọ ìyá ni Michael àti Laurie, ọmọbìnrin tó ń lé kiri.

Ó dùn mí wọra. Nínú ti 1978, Michael ò bá Laurie tan. Bàbá Laurie ń bá èèyàn ta ilé, ó ní kó bá òun fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Myers tó ti dahoro. Michael wà nínú ilé, ó rí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹnikẹ́ni ló lè gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ìbòjú tí Michael wọ̀, ti Captain Kirk inú Star Trek tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fẹ ojú rẹ̀ sí i, kò wá sí nǹkan kan níbẹ̀ tí èèyàn lè bẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni John Carpenter àti Debra Hill, àwọn tó kọ ìtàn náà, wá ìdí fún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Michael nígbà tó pa Judith ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1963, àbúrò ló wá kù tó ń lé kiri. Ọ̀rọ̀ di ti ẹbí. Ní 1988, ọmọ Laurie ló ń wá. Nígbà tó di 1995, wọ́n ní ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé àmì kan tó ń jẹ́ Thorn ló ń tì í pa ará ilé rẹ̀. Ẹ̀rù wo ló kù níbẹ̀? Bí o ò bá ti bá a tan, sùn kí o hanrun.

Lọ́jọ́ Ajé mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí n ya fọ́tò díìsì méjèèjì. Mo yà á. Ó ní kí n ya ẹ̀yìn wọn. Mo yà á. Ó wá bi mí pé ṣebí Halloween náà ni gbogbo wọn. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ṣàlàyé. Ọjọ́ Ẹtì, àpòòwé dé: Halloween ni lóòótọ́, èyí tí Rob Zombie tún ṣe ní ọdún 2007! Èyí tí wọ́n fi bí ìdajì rẹ̀ ro ẹjọ́ ìgbà èwe Michael. Mo sì ti ní in nínú páálí tẹ́lẹ̀. Mo tún pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n á ní kí n dúró, orin á máa kọ, fóònù á já.

Ìgbà karùn-ún, màmá kan ló gbé e. Ó gbọ́ orúkọ mi, ó yí sí Yorùbá.

"Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èwo gan-an ni wọn ò fún ẹ?"

"Ti 1978, mà."

"Èyí tó ń mí hẹ̀ẹ̀ níparí, tí wọ́n ń fi ilé han èèyàn tí ò sẹ́ni níbẹ̀?"

"Òun ni, mà."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Kò ní kí n dúró sórí orin. Mo ń gbọ́ bí ike ṣe ń kan ara wọn lórí pẹpẹ. Ó ṣí i, ó ka ọdún tó wà lára díìsì fúnra rẹ̀ sí mi létí. Ọjọ́ kejì ló dé, pẹ̀lú ìwé pélébé tó fi báírò kọ: *Wo 1978, kí o sinmi. Lẹ́yìn náà mú ọ̀nà kan: 1981, 1988, 1989, 1995. Tàbí 1981, 1998, 2002. Tàbí kí o fo gbogbo wọn bọ́ sí 2018. Wo 1982 lọ́tọ̀, kì í ṣe ìtàn Michael.*

Ìwé yẹn yí mi lọ́kàn padà. Tẹ́lẹ̀, àbùkù lásán ni mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá yẹn sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba ọ̀nà kejì, Laurie ti 1998, tó ti yí orúkọ padà tó sì di ọ̀gá ilé ìwé ní California, tí ojora ò jẹ́ kó gbádùn ọmọ rẹ̀, dùn mí ju bí mo ṣe rántí lọ. Bó ṣe gbé àáké dúró de ẹni tó bá a tan, ẹ̀jẹ̀ kan náà yẹn ló jẹ́ kó wúwo. Mo ti ra ti 2018 lọ́wọ́ wọn náà. Níbẹ̀, ọmọ-ọmọ Laurie ní àwọn èèyàn ló hun ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá yẹn. Àbúrò mi yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irọ́ ni wọ́n wá pa fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Àmọ́ ti 1978 ni mo fẹ́ sọ. A dé ibi kọ́kọ́rọ́ náà. Ó bi mí bóyá torí àbúrò rẹ̀ ni Michael ṣe ń wò ó. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá dé? Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ yẹ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wò bóyá a ti tì í.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Tí ẹ bá ra tiyín, ẹ ka ọdún ara díìsì kí ẹ tó pa iná.