Epping Forest: ẹ lọ o, àmọ́ ẹ má torí àgbọ̀nrín nìkan lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kò síbi téèyàn lè lọ gbafẹ́fẹ́ láìnáwó, igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní Epping Forest wà níbẹ̀ o. Kò ní géètì, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn máa wọlé ni. Tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè Overground dé Chingford, tàbí Central Line dé Loughton tàbí Theydon Bois, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un, mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ síbẹ̀ àgbọ̀nrín ni wọ́n ń wá, tí wọn ò bá wá rí i wọ́n á ní ṣebí igi lásán ló wà níbẹ̀. Igi ọ̀hún gan-an ni kẹ́ ẹ lọ wò!

Bíìṣì, óákù àti hornbeam ló pọ̀ jù, àwọn igi tí ewé wọn fẹ̀, tó máa ń wọ́ dànù kí òtútù tó dé. Ẹ ó rí i pé ìdí igi kan á nípọn gan-an, tó bá wá ga kọjá orí èèyàn díẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sí ẹ̀ka ńláńlá lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á dojú kọ òkè bí ìka ọwọ́ téèyàn là sílẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ àwọn ará àdúgbò yẹn ní ẹ̀tọ́ láti gé ẹ̀ka igi fi dáná, wọn ò sì jẹ́ gé e nílẹ̀ torí màlúù àti àgbọ̀nrín á jẹ ọ̀mùnú tó bá yọ, òkè ni wọ́n ti ń gé e níbi tí ẹnu ẹran ò lè dé, kó lè rúwé padà. Igi tí wọ́n bá sì ń gé báyẹn máa ń pẹ́ láyé ju èyí tẹ́nì kankan ò fọwọ́ kàn lọ. Àwọn arúgbó igi bẹ́ẹ̀ tó wà nínú igbó yìí lé ní 50,000, àwọn kan nínú wọn ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láyé.

Ó kù díẹ̀ kí igbó yìí pa rẹ́ o. Láàárín ọdún 1800 sí 1870 ó lé, àwọn onílẹ̀ ńláńlá ń sọgbà yí i ká díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè kọ́lé sí i. Bàbá kan ní Loughton, Thomas Willingale, ní ẹ̀tọ́ àwọn ò ní kú mọ́ òun lójú, òun àti ará ilé ẹ̀ ń gé ẹ̀ka lọ ní tiwọn, wọ́n tìtorí ẹ̀ ju àwọn kan lára wọn sẹ́wọ̀n, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, City of London, ìyẹn ìjọba tó ń bójú tó àárín ìlú London àtijọ́, dá sí i, nígbà tó di 1878 òfin jáde pé igbó náà di ti gbogbo ayé láti máa gbafẹ́ níbẹ̀. Ọbabìnrin Victoria fúnra ẹ̀ wá sí High Beach nínú igbó náà ní 1882. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé òfin kan náà ló gba ẹ̀tọ́ gígé igi kúrò lọ́wọ́ àwọn ará Loughton, wọ́n wá kọ́ gbọ̀ngàn kan fún wọn láti fi tù wọ́n nínú, Lopping Hall lorúkọ ẹ̀, ó ṣì wà láàárín ìlú títí dòní. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Loughton ẹ yà wò ó.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn ẹranko. Inú ihò àwọn arúgbó igi wọ̀nyẹn ni ilé wọn. Òwìwí wà níbẹ̀, àdán wà níbẹ̀, ẹyẹ àkókó ń fi ẹnu gbẹ́ igi, tó bá jẹ́ oṣù kẹta báyìí tí ewé ò tíì bo nǹkan, ẹ máa gbọ́ ọ gbangba kẹ́ ẹ tó rí i. Àwọn igi tó ṣubú tẹ́ ẹ rí tó ń jẹrà nílẹ̀, ẹ má rò pé àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ ló ya ọ̀lẹ, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní stag beetle, akọ ẹ̀ ní ẹnu gbọọrọ tó dà bí ìwo àgbọ̀nrín, ìdin ẹ̀ máa ń wà nínú igi jíjẹrà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí méje, tó bá wá jáde nígbà ẹ̀rùn wọn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló máa fi fò kó tó kú. Mo fẹ́ràn kòkòrò yẹn ju àgbọ̀nrín lọ, mi ò purọ́.

Àgbọ̀nrín náà wà o, àwọn ti Epping dúdú ju ti ibòmíì lọ, ẹ jí lọ ní kùtùkùtù, ẹ má pariwo, ẹ so ajá yín. Tó bá di oṣù kẹwàá àwọn akọ á máa bú ramúramù nítorí abo. Àwọn màlúù oníwo gígùn náà ń jẹko kiri, wọ́n fi ẹ̀rọ sí wọn lọ́rùn tó máa ń kìlọ̀ fún wọn tí wọ́n bá fẹ́ kọjá ààlà.

Oṣù kẹwàá yẹn náà ni olú máa ń pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má ká a. Òfin ibẹ̀ kà á léèwọ̀, ìdí sì wà: gbòǹgbò igi àti olú jọ ń bọ́ ara wọn lábẹ́ ilẹ̀ ni, yàtọ̀ sí pé kòkòrò àti ẹran ń jẹ ẹ́. Irú kan tí wọ́n ń pè ní death cap sì máa ń hù lábẹ́ óákù àti bíìṣì, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀ tó láti pa àgbàlagbà, kò sì burú lójú rárá.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ẹrẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ ni, tí òjò bá ti rọ̀, bàtà rọ́bà nìkan ló lè gbà yín. Eégbọn náà wà nínú koríko, ó lè kó àìsàn Lyme ranni, ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú sọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ sì yẹ ara yín wò tẹ́ ẹ bá délé. Lápá àríwá ẹ máa gbọ́ ariwo mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀ M25, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é.

Ẹni tó bá ní ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, tàbí tí ẹsẹ̀ ń dùn, Connaught Water ni kó lọ, ọ̀nà tó yí adágún náà ká dáa gan-an, ó sì ní àwọn pẹ́pẹ́yẹ mandarin, ọmọ Éṣíà tó ti fi ibẹ̀ ṣelé. Ẹni tára ẹ̀ bá gba ìrìn, kó bọ́ sílẹ̀ ní Loughton, kó gba Loughton Camp, ibi tí àwọn ará àtijọ́ mọ odi sí kí wọ́n tó bí Jésù, kó dé High Beach, kó wá sọ̀ kalẹ̀ gba Connaught Water dé Chingford, wọ́n á ti fi rélùwéè gbé e padà sáàárín ìlú láti ibẹ̀. Ẹ mú omi dání, ẹ sì mú máàpù onípépà.